Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ fún àgbàlagbà tí irun rẹ̀ pọ̀: irú èwo ni kí n rà, báwo ni n ó sì ṣe tọ́jú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Bódìjà béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Dókítà tó ń tọ́jú orúnkún mi ni ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa lúwẹ̀ẹ́ dípò ìrìn gígùn tí mo máa ń rìn láàárọ̀, nítorí pé omi a máa gbé ara ró, kì í sì í jẹ́ kí ìwọ̀n ènìyàn ni oríkèé lára. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan adágún ìlúwẹ̀ẹ́ dé etí kejì láìdi ẹnikẹ́ni mú.

Ohun tó ń dààmú mi báyìí ni fìlà. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń kọ́ ọ, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí irun rẹ̀ bá pọ̀ wọ inú omi láìdé fìlà ìlúwẹ̀ẹ́. Irun tèmi pọ̀, ó sì nípọn. Ṣùkú ni mo sábà máa ń dì, tàbí kí wọ́n bá mi fi àtáṣímẹ́ǹtì dì í ní wẹ́wẹ́. Fìlà rọ́bà tí mo ń rà lọ́jà a máa fa irun etí mi tu, yóò máa yọ́ gùnkè títí yóò fi bọ́ sínú omi, bí ó bá sì dúró pàápàá, irun mi kì í gbẹ. Kì í pẹ́ tó fi ń ya.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé fìlà kan wà tí kì í jẹ́ kí omi kan irun rárá? Irú èwo ni ó yẹ irú orí tèmi? Báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú tiyín nínú ooru ilẹ̀ wa yìí tí kò fi tètè bàjẹ́? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá kò léwu láti dé èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń yá ènìyàn, nítorí pé orí tó ti dé e ṣáájú kò níye.

Akọ́niníwẹ̀ẹ́ Sùúrùlérè dáhùn pé:

Ẹ kú ìgboyà, Ìyá Ìbejì. Àgbàlagbà ni mo ń kọ́ jù, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irun a máa lé àwọn obìnrin kúrò nínú omi ju ìbẹ̀rù omi gan-an lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti irun gbígbẹ kúrò lọ́nà. Kò sí fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó lè dá omi dúró pátápátá. Etí rẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, ní ìpàkọ́ àti lẹ́yìn etí, nígbà tí a bá yí orí láti mí tàbí tí a bá fi ẹsẹ̀ ti ògiri láti tún gbéra. Iṣẹ́ tí fìlà ń ṣe yàtọ̀ sí èyí: ó ń kó irun jọ kí ó má baà bo imú àti ojú ẹni tó fẹ́ mí, ó ń jẹ́ kí orí la omi kọjá láìsí ìdíwọ́, ó ń dín iye omi tó ní chlorine (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi adágún) tó ń ṣàn gba inú irun kù, ó sì ń gba irun tó bá já dúró kí ó má lọ dí asẹ́ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi adágún. Ti asẹ́ yìí ni òtẹ́ẹ̀lì yín ń rò tí wọ́n fi ń pàṣẹ fìlà. Fìlà ọ̀rá tí a fi ń wẹ̀ nílé kò lè ṣe ọ̀kankan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Omi yóò kún inú rẹ̀, yóò sì ṣí lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi tàn yín.

Nípa irú rẹ̀, èyí tí ẹ ń rà lọ́jà yẹn, latex ni. Ó fẹ́lẹ́, ó pọ́ọ́kú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irun, ìdí nìyẹn tó fi ń fa irun etí yín tu. Silicone, tí òun náà dà bí rọ́bà, nípọn jù ú lọ, ó ń nà dáadáa, ojú rẹ̀ dán, kì í di irun mú, ó sì ń pẹ́ púpọ̀ ju latex lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀. Òun ni mo máa ń ní kí àwọn àgbàlagbà rà. Èyí tí wọ́n fi aṣọ lycra rán rọ̀ jù lọ, kì í fún orí, ṣùgbọ́n omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ṣe ń gba inú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kọjá. Ti neoprene tó nípọn wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n omi tútù ni wọ́n ṣe é fún. A kò nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Bí a ṣe ń dé e tún ṣe pàtàkì, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ fìlà ti ń ya nìyẹn. Ẹ bọ́ òrùka àti yẹtí. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta, kí ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ẹ fi etí rẹ̀ lé iwájú orí ní ìsàlẹ̀ ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fà á kọjá àtàrí wá sí ìpàkọ́. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí, kí ó bá yín fa ẹ̀yìn. Ìka ni kí ẹ lò, ẹ má lo èékánná. Bí irun kan bá yọ síta, ẹ fi ìka kan tì í wọlé, kí ẹ má tún gbogbo rẹ̀ fà. Tí ẹ bá ń bọ́ ọ, ẹ ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá etí, kí ẹ ká a sókè láti ìpàkọ́ wá síwájú. Ẹni tó bá di àtàrí fìlà mú tó fà á yọ yóò fa irun tu, yóò sì fa fìlà ya lẹ́ẹ̀kan náà.

Onídìrí Òkè-Àdó dáhùn pé:

Mo gba gbogbo ohun tí Akọ́niníwẹ̀ẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti irun, nítorí pé iṣẹ́ mi ni, èmi náà sì ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá Ìbejì, kì í ṣe fìlà nìkan ni ó jẹ̀bi o; ṣùkú yín ni ó ń lé e bọ́. Àtàrí ni ṣùkú ń kó gbogbo irun jọ sí, ibẹ̀ ni fìlà yóò sì ti nà jù, tí etí rẹ̀ yóò máa gùnkè nígbàkúùgbà tí ẹ bá mi orí. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ kò sàn jù ú lọ, nítorí pé iwájú orí ni ó ń darí irun sí, iwájú orí sì ni ibi tí fìlà ti gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara kí ó tó lè dúró. Kọ̀lẹ́sẹ̀ ni mo máa ń dì fún àwọn oníbàárà mi tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ń sùn pẹlẹbẹ láti iwájú lọ sẹ́yìn, kì í ga, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ni a ó sì ká sí kòtò ìpàkọ́, níbi tí àyè ti wà fún un nínú fìlà. Pàtẹ́wọ́ náà ṣeé lò bí onídìrí kò bá jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga.

Ti àtáṣímẹ́ǹtì le díẹ̀. Ó ń mu omi, ó ń wúwo, ìwúwo yẹn sì ń fa ìdí irun, pàápàá ní iwájú àti ẹ̀bá etí níbi tí irun ti máa ń fẹ́lẹ́. Inú ìdì rẹ̀ kì í tètè gbẹ, bí kò bá sì gbẹ, yóò rùn. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó gùn kọjá èjìká, kí ẹ sì má ká a jọ sí àtàrí bí òṣùká. Ẹ ká a yí orí po kí ó lè tẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ àti píìnì inú rẹ̀ kúrò kí fìlà tó kàn án.

Kí ẹ tó wọ adágún, ẹ fi omi ẹ̀rọ mímọ́ rin irun náà gbingbin. Irun tó ti mu omi yó kò ní fi bẹ́ẹ̀ mu omi tó ní chlorine mọ́, ẹ̀yin sì ti mọ̀ báyìí pé yóò tutù bó ti wù kó rí. Ẹ lè fi kọndíṣọ́nà díẹ̀ sí ara irun lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n kí ó má dé etí iwájú orí àti ìpàkọ́, nítorí pé yóò mú kí silicone yọ̀ bọ́. Ní kété tí ẹ bá jáde, ẹ fi omi ṣan irun kí chlorine tó gbẹ sí i lára. Ohun tó ń gbẹ irun wa tó ń jẹ́ kó máa kán ni chlorine tí a gbé relé, tí a sì sùn lé lórí.

Onídádà Pẹ́kàm dáhùn pé:

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Dádà ni mo ṣe, ó sì gùn dé àárín ẹ̀yìn, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí n lọ di kọ̀lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ohun tó gba irú wa ni fìlà silicone tí wọ́n dìídì ṣe tóbi.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù níbí ni Soul Cap. Michael Chapman àti Toks Ahmed-Salawudeen ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì rí obìnrin kan láàárín wọn tí irun rẹ̀ kò wọ inú fìlà tó wà. Ní ọdún 2021, àjọ tó ń darí eré inú omi lágbàáyé, tó ń jẹ́ FINA nígbà náà, kọ̀ láti fọwọ́ sí i pé kí àwọn olùdíje máa lò ó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò bá bí orí ṣe rí mu, àti pé àwọn tó ń díje lágbàáyé kò lo fìlà tó tóbi bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò sì nílò rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Alice Dearing di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì níbi ìdíje Òlíńpíìkì, nínú eré kìlómítà 10 ní Tokyo, òun náà sì wà lára àwọn tó ń bá Soul Cap ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìpinnu náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí fìlà náà. World Aquatics ni àjọ yẹn ń jẹ́ báyìí.

Mo sọ ìtàn yìí kí Ìyá Ìbejì má baà rò pé orí tiwọn ni kò bá ìlànà mu. Fún ọdún pípẹ́, irun títẹ́ pẹlẹbẹ ni àwọn tó ń ṣe fìlà ń wò ṣe é.

Àmọ́, ẹ má ra èyí tó bá tóbi jù. Bí ẹ bá ti ká irun tán, ó yẹ kí fìlà kún fọ́fọ́. Bí àyè bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kún ibẹ̀ tí yóò máa gbé orí sókè, lẹ́yìn náà omi yóò wọ̀ ọ́, ẹ óò sì máa fa ẹrù kiri. Ẹni tó bá di kọ̀lẹ́sẹ̀ tí Onídìrí sọ, tí kò sì lo àtáṣímẹ́ǹtì, lè má nílò ju ìwọ̀n kan tó fi díẹ̀ tóbi ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Irun tí ẹ máa ń dì jù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Apárí Àkókà dáhùn pé:

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, fìlà kan èmi náà. Irun kò sí lórí mi, síbẹ̀ n kì í wọ omi láìdé e, nítorí pé adágún wa wà ní gbangba, oòrùn ọ̀sán a sì máa jó àtàrí apárí ní tòótọ́. Ní Faransé àti Ítálì, dandan ni fìlà ní ọ̀pọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba, a kì í sì í sábà tìtorí pé ènìyàn pá lórí yọ̀ǹda rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo yàtọ̀ sí Akọ́niníwẹ̀ẹ́ lórí silicone. Nínú ooru Èkó, bí ènìyàn bá ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ́, orí a máa gbóná nínú rẹ̀, èyí tó bá sì fún jù a máa fọ́ni lórí. Lycra ni mo ń dé. Omi ń gba inú rẹ̀ wọlé, ó sì ń tu orí lára. Ẹni tó ti gbà pé irun òun yóò tutù, kí ló tún ń fi rọ́bà fún orí fún?

Akọ́niníwẹ̀ẹ́ Sùúrùlérè dáhùn pé:

Alàgbà, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà fún orí yín. Bí omi ṣe ń ṣàn wọ inú lycra tó sì ń ṣàn jáde, chlorine ń bá a lọ, bá a bọ̀, irun Ìyá Ìbejì ni yóò sì jìyà rẹ̀. Chlorine yìí kan náà a máa jẹ okùn tó ń nà nínú lycra, títí yóò fi dẹ̀ tí kò ní lè padà sípò mọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dé lycra sísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń dé silicone lé e: aṣọ yóò di irun mú, rọ́bà kò sì ní yọ̀. Mo ti rí i tó dára fún àwọn tí awọ iwájú orí wọn kò fẹ́ kí nǹkan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wí fún àwọn ènìyàn pé ẹ̀fọ́rí kì í ṣe ara ìlúwẹ̀ẹ́. Fìlà tó bá ń fọ́ni lórí ti kéré.

Ìyá Ìbejì Bódìjà tún kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀. N ó sọ fún onídìrí mi pé kọ̀lẹ́sẹ̀ ni kí ó máa dì. Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi là yé. Òrí ni mo máa ń fi pa irun àti awọ orí kí n tó jáde nílé, mo sì rí i pé inú fìlà mi ń lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń rọ̀ bí ẹni pé ó ń yọ́. Ṣé òrí ló fà á? Èkejì ni pé ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí fìlà àyálò.

Akọ́niníwẹ̀ẹ́ Sùúrùlérè dáhùn pé:

Òrí ni, mà. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ òróró ni ọ̀tá latex: òrí, òróró àgbọn, àdí, fasilíìnì. Wọ́n ń wọ inú rọ́bà náà, wọ́n ń jẹ́ kí ó wú, kí ó rọ̀, kí agbára rẹ̀ sì tán, ìdí nìyẹn tí fìlà tí ẹ rò pé ó ṣì tuntun fi ń ya ní ìgbà tí ẹ bá nà án díẹ̀. Wọn kì í ba silicone jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè di orí mú. Ẹ jẹ́ kí òrí dúró di ìgbà tí ẹ bá ti lúwẹ̀ẹ́ tán, tí ẹ sì ti ṣan irun.

Ní ti ìtọ́jú, omi tútù mímọ́ ni kí ẹ fi ṣan fìlà nínú àti lóde ní gbàrà tí ẹ bá bọ́ ọ, nítorí pé chlorine tó bá gbẹ sí i lára kò ní yéé jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń yọ̀, tàbí pé ó ti ń rùn, ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ má lo omi gbígbóná, ẹ má dà á sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ má sì fi háípò kàn án. Ohun kan náà tó wà nínú omi adágún ni háípò, ó kàn pọ̀ nínú háípò jù ni. Ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹ má fún un, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ nínú àti lóde, kí ẹ wá sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ìbòòji. Bí òde rẹ̀ bá gbẹ, ẹ yí inú rẹ̀ síta.

Oòrùn ni ó ń ba tiwa jẹ́ jù ní ilẹ̀ yìí. Fìlà tí a sá sórí okùn lọ́sàn-án, tàbí tí a gbàgbé sínú búùtù ọkọ̀, yóò gbẹ, yóò le, yóò sì sán wẹ́wẹ́ ní etí. Èyí tí a wé mọ́ tówẹ́ẹ̀lì tútù nínú àpò yóò hu, ẹ óò sì máa rí àmì dúdú dúdú lára rẹ̀. Nígbà tí latex bá ti gbẹ dáadáa, ẹ wọ́n páúdà ọmọ díẹ̀ sínú rẹ̀ kí inú má baà lẹ̀ mọ́ra. Silicone kò nílò páúdà. Bí ẹ bá rí i pé etí fìlà ti sán díẹ̀, ẹ wá òmíràn. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè mú un, ibẹ̀ ni yóò ti ya dé òkè.

Fìlà àyálò kò dára, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ adágún bí mo bá rí wọn. Làpálàpá orí a máa ti ara ohun tí ènìyàn méjì jọ ń dé ràn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iná orí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í fọ̀ ọ́ láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kejì. Wọn a kàn jù ú sínú ike ní tútù. Latex sì ni púpọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí ara wọn kì í gba latex: bí iwájú orí bá ń yún yín, tàbí tí ó wú, tí ó sì pọ́n ní ibi tí etí fìlà gbà kọjá, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ má tún dé irú rẹ̀ mọ́ títí ẹ óò fi rí dókítà. Tiyín ni kí ẹ máa mú lọ.

Onídádà Pẹ́kàm fi kún un pé:

Bí ẹ bá ń rà á, ẹ wo àwọ̀ pẹ̀lú. Nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rò ó pé lọ́jọ́ kan ẹ óò lọ sí òkun tàbí ọ̀sà, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa tó mọ́lẹ̀ yòò ni kí ẹ mú. Dúdú àti búlúù kì í hàn lójú omi, orí nìkan sì ni ẹni tó ń ṣọ́ yín lè rí láti èbúté.